Ìlérí Tí Kò Ní Iye, Tí Kò Ní Ọjọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí lè má dùn létí gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ó ti tó àkókò kí a sọ ọ́, nítorí ẹkún àwọn àgbàlagbà ti ń pọ̀ jù nínú àwọn agboolé wa, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti ẹsẹ̀ òkè Màpó dé Beyerúnkà.

Ìbéèrè náà nìyí: ṣé ó yẹ kí ọmọ tí ó ti dàgbà ṣèlérí fún òbí rẹ̀ pé òun yóò tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó? Bí a bá béèrè é nínú ìjọ, gbogbo ọwọ́ ni yóò lọ sókè. A ó pa á lówe pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. A ó ṣe àmín. Lẹ́yìn náà, oníkálukú yóò wọ ọkọ̀ padà sí Akobo, sí Ologuneru, sí Èkó. Màmá yóò sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà agboolé, yóò máa wo ẹni tí ó ń bọ̀.

Èmi wí pé irú ìlérí tí a ń ṣe yìí kò yẹ ní ṣíṣe. Ìlérí tí kò ní iye, tí kò ní ọjọ́, tí kò dárúkọ ẹni tí yóò ṣe é, ẹ̀tàn ni. Kí ọmọ má ṣe irú rẹ̀ fún òbí, kí òbí má sì gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ Beyerúnkà ni mí. Nígbà tí bàbá mi kú, ìyá mi pè mí sínú yàrá, ó ní, "Ìwọ ni àkọ́bí. Ṣé o kò ní fi mí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Láéláé, Màámi. Èmi ni n ó tọ́jú yín títí dé òpin." Ó súre fún mi, inú mi dùn. Kò pé ọdún méjì tí iṣẹ́ ìjọba gbé mi lọ sí Ṣakí. Ní ọdún kẹta, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi. Àbúrò mi obìnrin tí ó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjà'ba ni ó kó ẹrù rẹ̀ padà sílé. Òun ni ó ń gbé e dìde, òun ni ó ń wẹ̀ ẹ́, òun ni ó ń fọ aṣọ tí ó bá tọ̀ sí. Ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà di ti ẹlòmíràn. Èmi ń fi owó ránṣẹ́ bí ó bá ṣẹ́kù. Bí kò bá ṣẹ́kù, àdúrà ni mo ń fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kan mo bá a wí lórí fóònù pé kò tètè gbé Màámi lọ sí ọsibítù. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ṣèlérí. Èmi kò ṣèlérí kankan." Ọdún kẹrin rèé tí a ti sin ìyá mi, ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò létí mi.

Nínú Mátíù 21:28-31, Olúwa wa sọ ìtàn ọmọkùnrin méjì tí bàbá wọn rán lọ sí ọgbà àjàrà. Ọ̀kan ní òun ń lọ, kò lọ. Èkejì ní òun kò lọ, ó sì lọ. Jésù bi àwọn tí ń gbọ́ ọ léèrè èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó ṣe ìfẹ́ bàbá rẹ̀. Bí a bá bèèrè é nínú ilé tiwa, pásítọ̀ kọ́ ni ìdáhùn náà.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀ṣẹ̀ yìí wọ inú ìjọ wa ju bí a ti rò lọ. Ẹ ka Máàkù 7:9-13. Àwọn kan wà nígbà náà tí wọn ń sọ pé ohun tí ó yẹ kí òbí àwọn jẹ nínú rẹ̀ ti di ọrẹ fún Ọlọ́run. Jésù kò gbà á lọ́wọ́ wọn. Lónìí ńkọ́? Ẹlòmíràn yóò jẹ́jẹ̀ẹ́ owó ńlá níwájú pẹpẹ, ìjọ yóò pàtẹ́wọ́, nígbà tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ̀ ti tán láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, kí a tó kọ orúkọ ẹni bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, ẹ jẹ́ kí a bi í léèrè pé, "Ìyá rẹ ńkọ́?" Ọrẹ tí a mú lára oúnjẹ arúgbó kò lè gbé iṣẹ́ Olúwa ga.

Èyí tí ó burú jù ni ti àwọn tí wòlíì kan sọ fún pé ìyá wọn ni ó so wọ́n mọ́lẹ̀. Ìyá ti di ẹni ọgọ́rin ọdún, ó ń dá sọ̀rọ̀ lóru, ó ń gbàgbé orúkọ ọmọ, ó ń jáde nílé láìmọ ọ̀nà padà. Wọ́n ní àjẹ́ ni. Ará mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a rí nínú Ìbàdàn níbí. Ní ọdún 1992 ni àwọn dókítà UCH àti ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àgbàlagbà wò ní àdúgbò Ìdíkàn, láti ilé dé ilé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn aṣíwájú iṣẹ́ náà. Nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1995, àgbà 2,494 tí ó ti pé ọdún 65 sókè ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n bá àrùn ọpọlọ tí ń mú arúgbó ṣarán níbẹ̀. Kò pọ̀ tó ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí wọ́n fi wé wọn, ṣùgbọ́n ó wà, àrùn ni, ó sì ní orúkọ nínú ìwé ìṣègùn. Ẹni tí ó bá sá fún ìyá rẹ̀ nítorí àrùn, tí ó sì pè é ní ìdáǹdè, yóò jíhìn. Òfin karùn-ún nínú Ẹ́kísódù 20:12 kò yọ ìyá tí ó ń ṣarán sílẹ̀, kò sì yọ bàbá tí kì í wá sí ìjọ wa sílẹ̀.

Báwo ni kí a wá ṣe é? Ẹ wo Jésù lórí àgbélébùú, nínú Jòhánù 19:26-27. Nínú ìrora ikú, ó rí ìyá rẹ̀. Kò sọ fún un pé Ọlọ́run yóò tọ́jú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé Ọlọ́run yóò tọ́jú rẹ̀. Ẹnì kan pàtó ni ó fi í lé lọ́wọ́, lójú ẹlẹ́rìí, àwọn méjèèjì sì gbọ́. Láti wákàtí náà ni ọmọ ẹ̀yìn yẹn ti mú un lọ sí ilé ara rẹ̀. Ó ní orúkọ, ó ní àkókò, ó ní ilé.

Nítorí náà, kí ẹ̀yin ọmọ ìyá pe ara yín jọ nígbà tí òbí ṣì lè gbọ́ràn, kí ẹ mú ìwé kan, kí ẹ sì kọ ohun mẹ́rin sí i.

Èkíní, iye. Ẹ má kọ "bí mo bá rí." Mo mọ̀ pé nǹkan le. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ máíkírà láti Bẹẹrẹ kò rí bí ó ti rí mọ́, N70,000 tí òfin ọdún 2024 sì fi lélẹ̀ fún owó oṣù tí ó kéré jù kì í dé ìparí oṣù. Kọ N5,000 bí ó bá jẹ́ agbára rẹ nìyẹn, kí o sì san án ní ọjọ́ tí o dá. Ó sàn fún Màmá ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí o ṣèlérí.

Èkejì, ara. Owó kì í wẹ arúgbó. Láti ọdún 2012 ni UCH ti ní ibùdó tí ó wà fún ìtọ́jú àwọn arúgbó, a kò ní láti dé Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mú Bàbá lọ síbẹ̀, ta ni yóò bá a jókòó títí yóò fi kan án? Ẹ kọ orúkọ.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó dúró nílé. Ẹni tí ó fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ yín. Ẹ máa san nǹkan fún un lóṣooṣù, kí ẹ sì wá gbà á sílẹ̀ kí ó lè sinmi. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má kó o lé ìyàwó yín lórí kí ẹ wá máa gba ọpẹ́. Òun náà ní ìyá tí ó bí i.

Ẹ̀kẹrin, ohun tí ẹ kò ní ṣèlérí. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ kò ní kúrò ní Ìbàdàn láéláé. Ẹ má ṣèlérí pé àlejò kan kò ní fọwọ́ kan òbí yín, nítorí ó lè di dandan kí ẹ háyà olùtọ́jú. Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi èpè tàbí omijé gba irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń fẹ́, kí ẹ sì fi ìwé ilé àti ìwé owó ìfẹ̀yìntì han àwọn ọmọ.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Pásítọ̀, bàbá mi kò tọ́ mi. Ó sá lọ nígbà tí mo wà ní kékeré." Mo gbọ́. Tímótì Kìíní 5:4 sọ̀rọ̀ nípa sísan oore padà fún òbí, ìwọ kò sì rí oore gbà. N kò ní ní kí o wá kúnlẹ̀ kí o purọ́ ìfẹ́. Má ṣèlérí ohunkóhun fún un. Ṣùgbọ́n bí ebi bá ń pa á ní agboolé, fi oúnjẹ rán ẹlòmíràn sí i. Ìyẹn wà ní agbára rẹ.

Kí ìjọba má sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti dá òun láre. Abẹ́ ìjọba ni mo ti ń jẹun, mo sì mọ bí a ti ń sọ ọ́ ní ọ́fíìsì pé, "Àwọn Yorùbá a máa tọ́jú arúgbó wọn." Àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, tí a ṣe ní ọdún 1981, tí ó sì di òfin Nàìjíríà ní ọdún 1983, sọ ní abala 29 pé kí ọmọ tọ́jú òbí tí ó bá wà nínú àìní. Àdéhùn kan náà sọ ní abala 18 pé àwọn arúgbó ní ẹ̀tọ́ sí ààbò pàtàkì. Abala 16 òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ní kí ìjọba ṣètò ìtọ́jú ọjọ́ ogbó àti owó ìfẹ̀yìntì. Abala 6 ìwé kan náà kò sì jẹ́ kí a lè torí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Ẹ ò rí i pé bí èmi ti ṣèlérí fún ìyá mi ni ìjọba ti ṣèlérí fún wa?

Ní Èkìtì, ní ọdún 2011, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó kan tí ó ti pé ọdún 65 ní N5,000 lóṣooṣù. Iye wà níbẹ̀, ọjọ́ sì wà níbẹ̀, àwọn arúgbó sì ra oògùn. Nígbà tí ìjọba yí padà ní ọdún 2014, ó dáwọ́ dúró. Ìyá aláta Ọjà'ba tí ó ti ń san owó ọjà láti ọdún pípẹ́ kò ní owó ìfẹ̀yìntì kankan. Ètò ìfowópamọ́ ìfẹ̀yìntì fún oníṣòwò kéékèèké tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní ọdún 2019 kò lè ran ẹni tí ó ti di ẹni àádọ́rin ọdún kí ó tó dé. Nítorí náà, bí a ti ń san tiwa nílé, kí a máa béèrè tiwọn lọ́wọ́ wọn, ní pàtàkì nígbà tí wọ́n bá wá tọrọ ìbò ní Màpó.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí oṣù yìí tó parí, ẹ lọ sí ilé. Ẹ mú ìwé náà dání. Bí ó bá jẹ́ pé àbúrò yín kan ni ó ti ń dá ẹrù náà rù, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ kí, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́. Èmi ti lọ bẹ tèmi. Kò sọ ohun púpọ̀. Ó ní ìsọ̀ kan ṣófo ní Ọjà'ba, wọ́n ń béèrè owó ọdún kan. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í san án.

Kí Olúwa fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti ṣe é. Àmín.