Ẹni Tí Yóò Jà Ni Kí A Bi

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, a ti yin àyà líle jù. À ń ròyìn ẹṣin Ọ̀yọ́ àti akọni Ògbómọ̀ṣọ́ bí ẹni pé ìgboyà nìkan ni a fi ń ṣẹ́gun. Irọ́ ni!

Ẹṣin tí ó sọ Ọ̀yọ́ Ilé di ọ̀gá ní ilẹ̀ ọ̀dàn kò wúlò nínú igbó. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin fojú rí i ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn. Nígbà tí ó di ogun Kírìjì (1877 sí 1893), ó kan Ìbàdàn náà. Látòósà Kakaǹfò kò ṣojo, ṣùgbọ́n ṣakabùlà ni ó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Kí wọn tó da ẹ̀tù sí i, kí wọn tó ki í tán, Èkìtìparapọ̀ ti fi ìbọn Snider, tí à ń ti ìdí ki, yìn wọ́n léraléra. Àwọn ọmọ wọn tí ń bẹ ní Èkó ni ó wá ìbọn náà fún wọn.

Ológun òde òní tí ń wọ igbó, ìbọn kúkúrú tí kò ní há mọ́ ẹ̀ka igi ni ó yẹ ẹ́, àti ọ̀bẹ tí ó lè gé okùn, kì í ṣe idà ọ̀ṣọ́. Kakaǹfò bí Tóyèjẹ ti Ògbómọ̀ṣọ́ lè mú ọ̀pá àṣẹ nìkan lọ sógun, bí àṣà Ọ̀yọ́ ti wí. Ọmọ ogun tí ó wà níwájú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í léèrè kí ẹ tó rà á. Bí ẹ kò bá bi í, tí ó sì kú, ẹ má ṣe kọrin akọni lé e lórí: ẹ̀yin ni ẹ pa á.