Ẹni Tí Ó Ni Ọkọ̀ Ni Ó Ni Ìròyìn Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú ẹ̀yin ọlọ́lá ìjòyè, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé àti ẹ̀yin ará ìlú lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ohun ìní ni. Ó ti pẹ́ tí àwọn baba wa ti ń kọ́ wa pé ẹni tí ó lẹ́rú ni ó lẹ́rù. Bí ènìyàn bá fi owó rẹ̀ ra adìyẹ ní ọjà, òun ni ó ni adìyẹ, òun náà ni ó sì ni ẹyin tí adìyẹ náà bá yé. A kò tí ì gbọ́ ọ rí pé ẹni tí ó ta adìyẹ, tí ó ti gba owó rẹ̀ sápò, tún ń yọ́ wọ ẹ̀yìnkùlé olùrà ní àràárọ̀ láti kó ẹyin lọ tà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fara jọ èyí ni ó ń ṣẹlẹ̀ lónìí nínú òwò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ó sì yẹ kí a là á yé ara wa kí ó tó di àṣà tí a kò ní lè yí padà mọ́.

Ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe lóde òní kì í ṣe irin àti rọ́bà àti epo nìkan. Kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí ń ṣọ́ bí ẹ́ńjìnì ti ń ṣiṣẹ́, ìgbà tí a tẹ bíréékì àti bí a ti tẹ̀ ẹ́ tó, eré tí a sá, ọ̀nà tí a gbà, àti wákàtí tí a dé ibi tí à ń lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ titun, ẹ̀rọ kan wà tí ó dàbí tẹlifóònù, tí ó ní káàdì tirẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ni ó ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ láti ojú ọ̀nà lọ sí ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó jókòó sídìí sítíárìn kò mọ ohun tí wọ́n ń kó lọ. Dátà ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Àwa yóò máa pè é ní ìròyìn ọkọ̀.

Ohun tí àwa rí sí ọ̀rọ̀ yìí kò lọ́jú pọ̀. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lè rí ìròyìn tí ọkọ̀ rẹ̀ ń kó jọ, láìsan owó lé e. Ó gbọ́dọ̀ lè fà á lé ẹnikẹ́ni tí ó bá wù ú lọ́wọ́, ìbáà ṣe mẹkáníìkì, ìbáà ṣe agbẹjọ́rò, ìbáà ṣe ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tà á lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀tọ́ mẹ́ta ni èyí: ẹ̀tọ́ láti rí, ẹ̀tọ́ láti fi fúnni, àti ẹ̀tọ́ láti kọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òfìfo ni, ẹ jẹ́ kí a wo ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìjà yìí ti gbóná. Láti ọdún 1996 ni òfin orílẹ̀-èdè náà ti mú un ní dandan pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ titun ní ojú ihò kan lábẹ́ sítíárìn, tí mẹkáníìkì lè ki okùn ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀ láti mọ ohun tí ó ń ṣe ẹ́ńjìnì. Ní ọdún 2012 àwọn ará Massachusetts dìbò pé kí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ jẹ́ kí mẹkáníìkì ìta lè rí irú ohun èlò àti ìmọ̀ àtúnṣe tí wọ́n ń fún àwọn aṣojú tiwọn. Ṣùgbọ́n òfin tí ó ti inú ìbò náà jáde kò fi bẹ́ẹ̀ kan ìròyìn tí ọkọ̀ ń fi ránṣẹ́ lójú afẹ́fẹ́. Bí ìròyìn ti ń kúrò lójú ihò, tí ó ń gba ojú afẹ́fẹ́ lọ, àwọn mẹkáníìkì rí i pé kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n ti ń kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀ ni a fi lé àwọn lọ́wọ́. Nítorí náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, àwọn ará ìpínlẹ̀ náà tún dìbò. Nínú 100 ènìyàn tí ó dìbò, nǹkan bí 75 ni ó sọ pé kí ẹni tí ó ni ọkọ̀, àti mẹkáníìkì tí ó bá yàn, lè rí ìròyìn àtúnṣe tí ń gba ojú afẹ́fẹ́ lọ. Ní ọdún 2023, àwọn ará ìpínlẹ̀ Maine náà dìbò bẹ́ẹ̀; nǹkan bí 84 nínú 100 ni ó gbà á.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ìbò Massachusetts tí ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ fi gba ilé ẹjọ́ lọ. Wọ́n ní bí a bá ṣí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, àwọn ènìyàn búburú lè gba ibẹ̀ wọlé, kí wọ́n sì máa darí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ láti òkèèrè. Oṣù kejì ọdún 2025 ni adájọ́ tó da ẹjọ́ náà nù. Ó lé ní ọdún mẹ́rin tí àwọn tí ó dìbò fi dúró de ohun tí wọ́n ti fi ìka ara wọn tẹ̀.

Àwa kò fi ojú tín-ín-rín wo ìdí tí wọ́n wí. Ní ọdún 2015, ọkùnrin méjì kan, Charlie Miller àti Chris Valasek, fi hàn pé ènìyàn lè jókòó sí ilé rẹ̀ kí ó sì máa pa ẹ́ńjìnì ọkọ̀ Jeep tí ó wà lójú títì. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà sì pe nǹkan bí mílíọ̀nù 1.4 ọkọ̀ padà fún àtúnṣe. Ewu ń bẹ, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àwọn tí ó rí àléébù náà kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀. Ará ìta ni wọ́n. Ẹ sì kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì ní ìparí ọdún 2024, nígbà tí ó hàn sí gbogbo ayé pé ìròyìn nǹkan bí 800,000 ọkọ̀ oníná láti ọ̀dọ̀ Volkswagen àti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ti wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí ààbò tó péye. Kò sí mẹkáníìkì ìta kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ìròyìn wà nígbà tí ó tú. Nítorí náà, kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ olè, ó dára. Ṣùgbọ́n kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ baálé ilé, kí a sì pe ìyẹn ní ààbò, àwa kò gbà.

Ohun tí ó tún bà wá lọ́kàn jẹ́ jù nìyí. Ní ìgbà kan náà tí ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ń sọ ní ilé ẹjọ́ pé ewu ni láti fi ìròyìn ọkọ̀ lé mẹkáníìkì lọ́wọ́, General Motors, tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ náà, ń fi ìròyìn bí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń wa ọkọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe òwò àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn. Àwọn yẹn sì ń tà á fún àwọn adójútòfò. Ìwé ìròyìn New York Times tú ọ̀rọ̀ náà síta ní oṣù kẹta ọdún 2024. Àwọn kan rí i pé owó ìdójútòfò wọn ti gbówó lórí nítorí bí wọ́n ti tẹ bíréékì àti bí wọ́n ti sáré, nígbà tí wọn kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àjọ FTC, tí ń ṣọ́ ọjà fún ìjọba Amẹ́ríkà, sọ ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé nígbà mìíràn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń kó ìròyìn ibi tí ọkọ̀ wà, láìgba ìyọ̀ǹda tó yẹ. Lóòótọ́, ilé-iṣẹ́ náà ti dá òwò yìí dúró ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ohun tí ó léwu jù láti fi fún mẹkáníìkì tí ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ yàn, báwo ni kò ṣe léwu láti fi fún àjèjì tí ọlọ́kọ̀ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí?

Kí a má sì ṣe rò pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, àjọ Mozilla yẹ ìlànà irú ọkọ̀ 25 wò lórí bí wọ́n ti ń pa àṣírí ènìyàn mọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó yege. Mọ́kàndínlógún nínú wọn ni ó kọ ọ́ sínú ìwé ara wọn pé àwọn lè ta ìròyìn àwọn oníbàárà àwọn.

Àwọn ará Yúróòpù ti gbé ìgbésẹ̀ tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Òfin Dátà tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2023 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Òfin náà sọ pé ẹni tí ó ra ohun èlò tí a so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tí ó háyà rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti rí ìròyìn tí lílò rẹ̀ ń mú jáde, lọ́fẹ̀ẹ́, àti láti ní kí a fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn tí ó bá yàn. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà nínú rẹ̀. Òfin náà kò ní kí ẹnikẹ́ni tú àṣírí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ síta. Ẹyin adìyẹ ni ó ní kí a fún olówó rẹ̀.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Kí ni èyí já sí fún àwa tí a wà nílé? A ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a gbé wá sílé ní Tòkunbọ̀. Orúkọ kan náà ni a sì fi ń pe ọkọ̀ àlòkù tí ó gba òkun wọlé ní Èkó tàbí ní Kútọnu. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó pọ̀ jù lójú títì wa. Ọkọ̀ tí ó jẹ́ titun ní Boston lónìí ni yóò wà ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ní ọdún mẹ́wàá òní. Bí wọ́n bá ti ìròyìn rẹ̀ pa níbẹ̀, títìpa ni yóò dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ ro ti àwọn mẹkáníìkì àti réwáyà wa, àwọn tí wọ́n sin ọ̀gá fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó gba òmìnira, tí wọ́n sì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn tọ́ ọmọ. Etí ni wọ́n fi ń gbọ́ àìsàn ẹ́ńjìnì tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti kọ́ láti fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò kún un. Bí ọkọ̀ bá di ohun tí kì í sọ̀rọ̀ àfi fún ẹni tí ó ṣe é lókè òkun, kí ni ọwọ́ wọn yóò máa ṣe? Ọmọ Tòkunbọ̀ tí ó ti wọlé kì í tún bá ilé baba rẹ̀ yan odì.

A ní òfin kan tí a lè fi bẹ̀rẹ̀. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ẹ̀dà ìròyìn tí a kó jọ nípa rẹ̀, àti láti gbé e lọ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìròyìn nípa ènìyàn ni òfin yẹn ń sọ. Àmì tí ẹ́ńjìnì ń fi hàn nígbà tí ó bá ń ṣàìsàn, ṣé ìròyìn nípa ènìyàn ni? Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ yóò sọ pé rárá. Ihò tí ó yẹ kí a dí nìyí.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó kan ẹ̀yin tí ẹ gba awakọ̀ síṣẹ́. Ìròyìn ẹ́ńjìnì, ti ọlọ́kọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìròyìn ìrìn, ó kan ẹni tí ó wa ọkọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ń béèrè ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ òkè òkun kò gbọdọ̀ fi irú ẹ̀tọ́ náà du awakọ̀ rẹ̀. Bí a bá fi àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ bá awakọ̀ wí, tàbí tí a fi lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó yẹ kí a fi àkọsílẹ̀ náà hàn án kí ó lè wí tẹnu rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Amsterdam dá ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn awakọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Potogí béèrè lọ́wọ́ Uber àti Ola láre lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. A kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́. Àwọn baba wa ti mọ èyí kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin agbẹjọ́rò àti ẹ̀yin aṣòfin tí ẹ jẹ́ ọmọ wa pé kí ẹ kọ ẹ̀tọ́ mẹ́ta tí a wí yìí sínú òfin, kí ẹ sì dárúkọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti mẹkáníìkì nínú rẹ̀ kedere. A bẹ ẹ̀yin ìjòyè pé kí ẹ pe àwọn olórí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì àti ẹgbẹ́ awakọ̀ ìlú yín, kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, kí ẹ tó di ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé, ẹ pa orúkọ àwọn ènìyàn yín àti àdírẹ́sì ilé yín rẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Àwa kò pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ṣùgbọ́n àgbà ní bí a kò bá tètè mú olè, olè a mú olóko. Ẹni tí ó bá sì dákẹ́ títí tí ẹlòmíràn fi sọ ẹyin adìyẹ rẹ̀ di ọjà, yóò fi owó ra ẹyin náà jẹ.