Ta Ni Yóò Ka Orí Kẹta?

Tí ẹ bá gun òkè wá sí ẹ̀ka wa lọ́sàn-án, ẹ ó rí wọn: àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé, tí wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá. Àwa tá a wá fi àsáínmẹ́ǹtì sílẹ̀ á wọlé, a ó jáde, wọ́n á ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti fi orí kẹta iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ kí àwa tó ṣe ìdánwò sáà kìíní. A ti ṣe ti sáà kejì báyìí. Kò tíì rí i gbà.

Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ló ṣọ́ wa nínú ìdánwò, òun ló máàkì ìwé wa, òun ló sì lọ mú ọmọ ọ̀gá wá láti iléèwé lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀. (A ò sọ pé ó burú kéèyàn ran àgbà lọ́wọ́ o, wọ́n kọ́ wa nílé.) Ohun tó ń dùn wá ni pé iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan ni kì í sí àyè fún.

Àwọn ará Jámánì a máa pe irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ní Doktorvater, bàbá ọ̀mọ̀wé. Àwa náà ń pè wọ́n ní bàbá àti ìyá. Ṣùgbọ́n ta ló lè bi bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti kà á?" Ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé rẹ, tí yóò kọ lẹ́tà fún ọ tó o bá ń wáṣẹ́, o ò ní fẹ́ kó kà ọ́ sí aláfojúdi.

A mọ̀ pé ojú àwọn olùkọ́ náà ń rí nǹkan. Lọ́dún 2022, oṣù mẹ́jọ ni ìyanṣẹ́lódì ASUU gbà, ìjọba sì dá owó oṣù wọn dúró. Àwọn kan ti jápa, akẹ́kọ̀ọ́ wọn sì di ẹrù àwọn tó kù. Ẹni tí iṣẹ́ bá wọ̀ lọ́rùn, kó sọ ọ́ jáde.

Ohun tí a fẹ́ kò le. Lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọlé, kí ẹ̀ka kọ iye ọ̀sẹ̀ tí orí kan lè lò lọ́wọ́ ọ̀gá sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Bí ọjọ́ bá kọjá, kí ọ́fíìsì ẹ̀ka ló béèrè, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́.

Mélòó kan nínú wa ń ronú àtidúró ṣe oyè yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a bi ẹ̀gbọ́n yẹn bóyá kí á forúkọ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí á jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gba orí kẹta òun ná.