Gígé ọ̀pá ìbọn ọdẹ kúrú: Báwo ni íńṣì kan ṣe lè sọ ọdẹ di ọ̀daràn ní Amẹ́ríkà?

Bí ọdẹ kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania tàbí Texas bá wọ igbó dídí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ láti dọdẹ àgbọ̀nrín, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu kì í ṣe ẹran. Ìbọn ọwọ́ rẹ̀ ni. Ọ̀pá ìbọn tó gùn tó íńṣì 24 máa ń kọ́ ẹ̀ka igi, ó máa ń há sáàárín ìtàkùn. Bí ọdẹ náà bá sì gun orí igi láti ṣọ́ ẹran, kò ní rí àyè yí ìbọn náà sọ́tùn-ún sósì. Kí ó tó tò ó dáadáa, ẹran ti gbọ́ ìró, ó ti sá lọ.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọdẹ fi ń gbé ìbọn wọn lọ bá àwọn tó ń tún ìbọn ṣe pé kí wọ́n bá àwọn gé ọ̀pá rẹ̀ kúrú. Ọ̀rọ̀ náà jọ nǹkan kékeré lójú, àmọ́ kò kéré lójú òfin. Ọdẹ tó gé ọ̀pá ìbọn ráífù rẹ̀ dé íńṣì 16 kò rú òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni tó gé e dé íńṣì 15 láì kọ́kọ́ gba àṣẹ lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, ọ̀rọ̀ yìí tún ti gba ibòmíràn yọ. Owó orí 200 dọ́là tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ní irú ìbọn kúkurú bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1934 kò sí mọ́. Owó ti kúrò, àmọ́ òfin kò kúrò. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wà báyìí, ó sì kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé lọ́hùn-ún ju bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe rò lọ.

Kí ni ọdẹ ń jèrè, kí ló sì ń pàdánù?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ọ̀pá ìbọn ń ṣe. Bí ọdẹ bá yìnbọn, ẹ̀tù inú ọta á gbiná, atẹ́gùn gbígbóná tó jáde lára rẹ̀ á sì ti ọta náà síwájú. Níwọ̀n ìgbà tí ọta bá ṣì wà nínú ọ̀pá, atẹ́gùn náà á máa tì í. Bí ọ̀pá bá kúrú, ọta á tètè jáde, eré rẹ̀ á sì dín kù.

Ní gbogbogbòò, íńṣì kan tí wọ́n bá gé kúrò máa ń gba nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 50 kúrò lára eré tí ọta ń sá ní sẹ́kọ́ndì kan. Ọta .308, tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn ọdẹ àgbọ̀nrín, máa ń jáde ní nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 2,800 ní sẹ́kọ́ndì kan láti inú ọ̀pá íńṣì 24. Bí wọ́n bá gé íńṣì mẹ́rin kúrò, eré tó kù ṣì pọ̀. Fún ẹni tó ń yìnbọn sí ẹran tí kò jìnnà ju ọgọ́rùn-ún yáàdì lọ, àdánù yẹn kò tó nǹkan.

Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kọ́ ni. Ìbọn tó kúrú máa ń pariwo jù, iná ẹnu rẹ̀ sì máa ń mọ́lẹ̀ gan-an nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ẹnu ìbọn fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́ dọ́gba yíká. Bí ẹnì kan bá fi ayùn irin gé e nílé tí ẹnu rẹ̀ wọ́, atẹ́gùn ẹ̀tù á ti ọta sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe ń jáde. Ọta tó yẹ kó ba ọkàn ẹran á lọ ba ikùn rẹ̀, ẹran náà á sì sá wọ igbó lọ láti lọ kú ikú oró. Kò sí ọdẹ gidi tó máa fi irú ìyẹn yangàn.

Kókó kan wà níbí tí a kò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Láti íńṣì 24 dé íńṣì 16, íńṣì mẹ́jọ gbáko ni òfin ìjọba àpapọ̀ fi sílẹ̀ fún ọdẹ láti gé bó ṣe wù ú. Ọ̀pọ̀ ọdẹ inú igbó kò sì nílò ju íńṣì mẹ́rin sí mẹ́fà lọ. Nítorí náà, kì í ṣe nítorí ọdẹ àgbọ̀nrín ni wọ́n ṣe ṣe òfin náà.

Níbo ni òfin náà ti wá?

Ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí Amẹ́ríkà fòfin de ọtí, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn tó ń ta ọtí ní bòókẹ́lẹ́ ń fi ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìbọn tí wọ́n gé kúrú jà láàárín ìlú. Ní ọdún 1934, lásìkò Ààrẹ Franklin Roosevelt, ilé aṣòfin gbé òfin National Firearms Act kalẹ̀.

Nínú àbá àkọ́kọ́, ìbọn ìléwọ́ wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ kí àwọn èèyàn forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó kọ àbá náà mọ̀ pé bí ìbọn ìléwọ́ bá di ohun tó ṣòroó ní, àwọn ọ̀daràn á ra ìbọn gígùn, wọ́n á gé e, wọ́n á sì fi í pamọ́ sábẹ́ kóòtù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ìbọn gígé kún un.

Nígbà tí òfin náà jáde, wọ́n ti yọ ìbọn ìléwọ́ kúrò, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìbọn gígé sílẹ̀ síbẹ̀. Ó dà bí ẹni tó mọ odi láti dáàbò bo ilé, tí kò wá kọ́ ilé náà mọ́, àmọ́ tí odi rẹ̀ ṣì dúró. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń tako òfin náà fi ń béèrè pé: báwo ni ráífù íńṣì 15 ṣe wá léwu ju ìbọn ìléwọ́ tó ń wọ àpò lọ?

Íńṣì 18 ni òdiwọ̀n ráífù nígbà náà. Ọdún 1960 ni wọ́n dín in kù sí íńṣì 16. Ti shotgun, ìyẹn ìbọn tó ń fọ́n ọta wẹ́wẹ́, ṣì wà ní íńṣì 18. Owó orí náà jẹ́ 200 dọ́là ní ọdún 1934, owó ńlá gidi nígbà náà, kò sì yí padà títí di òpin ọdún 2025.

Kí ló yí padà ní ọdún 2026?

Nínú òfin ìnáwó àti owó orí tí Ààrẹ Donald Trump buwọ́ lù ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 2025, àwọn aṣòfin kan fẹ́ yọ ìbọn kúkurú àti ohun tó ń dín ariwo ìbọn kù kúrò nínú òfin 1934 pátápátá. Olùdámọ̀ràn ilé aṣòfin àgbà lórí ìlànà sọ pé irú àyípadà bẹ́ẹ̀ kò lè gba inú òfin ìnáwó kọjá. Owó nìkan ni wọ́n rí dín kù: láti 200 dọ́là sí òdo.

Ìforúkọsílẹ̀ ṣì wà. Ẹni tó bá fẹ́ gé ráífù rẹ̀ kọjá íńṣì 16 gbọ́dọ̀ kọ ìwé sí ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìbọn. Ó gbọ́dọ̀ tẹ ìka, kí ó fi fọ́tò sílẹ̀, kí ó sì dúró de àṣẹ kí ayùn tó kan irin. Bó bá gé e kí àṣẹ tó dé, ó ti rú òfin. Àwọn ìpínlẹ̀ kan bíi California àti New Jersey sì ní òfin tiwọn tó le ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ.

Àwọn ẹgbẹ́ oníbọn ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ láti ọdún 2025. Orí ohun tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ ní ọdún 1937 ni wọ́n dúró lé: pé òfin náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ nítorí pé ìjọba àpapọ̀ ní agbára láti gba owó orí. Wọ́n ní bí kò bá sí owó orí mọ́, lórí kí ni ìforúkọsílẹ̀ dúró lé? Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ tì.

Kí ni ti Bìrìtìkó?

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti yani lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ pé òfin ìbọn Bìrìtìkó le ju ti Amẹ́ríkà lọ. Àgbọ̀nrín sì pọ̀ níbẹ̀ débi pé iye tí wọ́n ń fojú bù jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì. Wọ́n ń jẹ igi kéékèèké inú igbó run, kò sì sí ìkookò tó máa pa wọ́n jẹ, nítorí náà ọdẹ ló ń dín wọn kù.

Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan fi ìbọn ìléwọ́ pa ọmọ ilé ìwé 16 àti olùkọ́ wọn ní ìlú Dunblane ní oṣù Kẹta ọdún 1996, Bìrìtìkó fòfin de ìbọn kéékèèké ní ọdún 1997. Ìwọ̀n ni òfin náà fi ṣe ààlà: ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 30, tàbí tí gbogbo gígùn rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 60, di èèwọ̀, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba irú ìbọn kan. Àgbàlagbà tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, ó kéré tán, gbára.

Ẹ wo ìṣirò náà: sẹ̀ǹtímítà 30 kò tó íńṣì 12. Ó túmọ̀ sí pé ráífù íńṣì 15, tó nílò àṣẹ pàtàkì ní Amẹ́ríkà, kò wọ abẹ́ èèwọ̀ yẹn ní Bìrìtìkó, bí ẹni tó ni ín bá ti ní ìwé àṣẹ ọlọ́pàá. Ohun tí òfin àgbọ̀nrín ilẹ̀ England ń béèrè ni pé kí ọta ní agbára tó: fún àwọn àgbọ̀nrín ńlá, kò gbọdọ̀ dín ní foot-pound 1,700 lẹ́nu ìbọn, kí ẹran má baà jìyà.

Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí? Ní Bìrìtìkó, kò sẹ́ni tó lè ní ráífù kankan, gígùn tàbí kúkurú, kí ọlọ́pàá má mọ orúkọ rẹ̀, ibi tó ń gbé àti ìdí tó fi fẹ́ ẹ. Ìlú tó ti mọ oníbọn kò ní láti máa ka íńṣì ọ̀pá ìbọn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà kò ní ìwé orúkọ gbogbo oníbọn, nítorí náà gígùn ìbọn ló di ibi tí ìjọba lè dúró sí.

Báwo ló ṣe kàn wá?

Ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston tàbí Maryland tó ń bá àwọn ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ sóko ọdẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ọ̀pọ̀ ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́. Ìwé àṣẹ ọdẹ láti ìpínlẹ̀ kan wà lára ìwọ̀nba ohun tó lè yọ èèyàn kúrò nínú èèwọ̀ yẹn. Ẹni tó ní Green Card lè ra ìbọn, ṣùgbọ́n bí ilé ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi lórí ẹ̀sùn ìbọn, wọ́n lè dá a padà sílé. Ọmọ ìlú tó ṣèèṣì gé ìbọn rẹ̀ kọjá òdiwọ̀n á ronú nípa ẹ̀wọ̀n. Àlejò á ronú nípa ẹ̀wọ̀n, á tún ronú nípa ìyàwó àtàwọn ọmọ tó máa fi sílẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbọ́ pé "ó ti di ọ̀fẹ́" kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ bíi pé òfin ti tú.

Nílé wa, òfin ìbọn Nàìjíríà tó ti wà láti ọdún 1959 kún fún ìbẹ̀rù kan náà. Ó to ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ìbọn ṣakabùlà ọwọ́ àwọn ọdẹ wà ní ọ̀wọ́ kẹta, èyí tí àṣẹ rẹ̀ rọrùn jù. Ìbọn ìléwọ́ wà ní ọ̀wọ́ kìíní pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta àti bọ́ǹbù, tí Ààrẹ nìkan lè fàṣẹ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ ìbọn ìléwọ́ ayé àtijọ́ tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu bíi ṣakabùlà. Ẹ̀tù kan náà ni, irin kan náà ni. Ohun tó yà wọ́n ni pé ọ̀kan ń yọrí lẹ́yìn ọdẹ tí gbogbo ìlú ń rí i, èkejì ń wọ abẹ́ agbádá.

Ṣùgbọ́n àwa kò ní ìwé orúkọ tó ṣe é gbọ́kàn lé bíi ti Bìrìtìkó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìbọn ìbílẹ̀ kò gba iwájú ìjọba kọjá rí láti ilé alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́. Àdéhùn ECOWAS lórí ìbọn kéékèèké, tí wọ́n buwọ́ lù ní Àbújá ní ọdún 2006, ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ìbọn, kí ó sì máa mójú tó iṣẹ́ àwọn tó ń rọ ọ́. Iṣẹ́ yẹn ló kù jù.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà fún wa kì í ṣe pé kí àwa náà lọ ra téèpù, ká máa wọn ìbọn. Nígbà tí ìjọba kò bá mọ ẹni tó ni ìbọn, gígùn irin ló máa ń fi díwọ̀n ewu, ọdẹ tí kò ní nǹkan burúkú lọ́kàn sì lè kó sí i nítorí íńṣì kan. Láàárín wa, olórí ọdẹ mọ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, alágbẹ̀dẹ sì mọ ẹni tó rọ ìbọn fún. Bí ìjọba bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé orúkọ náà, ọ̀dọ̀ wọn ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ.