Wọ́n ti ń fi ohùn wá ọjà báyìí, ṣé fóònù mọ ìsọ̀ ìyá yín?

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń tajà ló máa ń pariwo. Ẹlẹ́kọ á gbé igbá karí, á máa polówó láti ojúlé dé ojúlé, ẹni tó bá fẹ́ rà á yọjú lójú fèrèsé, á ní kó yà síbí. Lónìí, ẹni tó fẹ́ rà ló ń pariwo, inú fóònù ló sì ń pariwo sí: "Níbo ni mo ti lè rí ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Ìkòròdú?" Kò pẹ́, fóònù á dárúkọ bí ẹni mẹ́ta fún un. Ṣé ẹni tó mọṣẹ́ jù ládùúgbò wà nínú àwọn mẹ́ta náà? Lójú tèmi, lọ́pọ̀ ìgbà kò ní sí níbẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti àwọn tó gbọ́ òyìnbó nìkan. Ọdún 2013 ni Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tó ń túmọ̀. Ní 2019, wọ́n gbé ohùn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bíi ti ọmọ Nàìjíríà sínú máàpù wọn. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, wọ́n kéde pé èèyàn lè fi èdè Áfíríkà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn sọ̀rọ̀ sí Google. Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti pijin wa wà nínú ẹ̀. Màmá tí kò lè tẹ lẹ́tà lórí fóònù, ẹnu rẹ̀ ti tó o báyìí. Ohùn tiẹ̀ dára fún Yorùbá ju títẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá tẹ "oko" láìfi àmì sí i, ta ló mọ̀ bóyá oko, ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀ lẹ ní lọ́kàn? Tẹ́ ẹ bá fi ẹnu sọ ọ́, ohùn ti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àmọ́ pé ẹ̀rọ gbọ́ Yorùbá kò ní kó mọ ìsọ̀ yín. Tó bá gbọ́ ìbéèrè tán, inú àkọsílẹ̀ ló máa lọ wò. Ìsọ̀ tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀, lójú ẹ̀rọ, kò sí láyé. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Apá ọ̀dọ̀ wa ti rí irú ẹ̀ rí. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ṣì ni ọ̀nà, ọjà Èjìnrìn létí ọ̀sà, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, gbajúmọ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Èkó àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Nígbà tí ọ̀nà mọ́tò àti rélùwéè wá gba ibòmíràn lọ, ọjà náà rọ. Àwọn tó ń tajà níbẹ̀ kò ya ọ̀lẹ, ọjà wọn kò sì bàjẹ́. Ọ̀nà ló yí padà.

Ta wá ló ń gba ọ̀nà tuntun yìí? Ọmọ bíbí Ìkòròdú kò nílò fóònù kó tó mọ ibi tí ìyá alámàlà tó dáa wà. Àlejò ni kò mọ̀ ọ́n: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé sí Àgíríìkì torí owó ilé, akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH, ọmọ LASU tí wọ́n gbé wá sí ọgbà Ẹ̀pẹ́, ẹni tó ń kọ́lé sí Alaro City. Wọn kò mọ ẹnì kankan ládùúgbò, fóònù ni wọ́n ń bi. Tí fóònù kò bá mọ télọ̀ kan ní Ẹ̀pẹ́, á darí wọn lọ sí Ajah tàbí Lekki, níbi tí ẹlòmíràn ti forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Owó tó yẹ kó dúró ní Ẹ̀pẹ́ ti wọ ọkọ̀ lọ nìyẹn.

Google fúnra wọn sọ ohun mẹ́ta tí wọ́n fi ń yan ìsọ̀ tí wọ́n máa dárúkọ. Èkíní, ṣé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ bá ohun tí wọ́n béèrè mu? Èkejì, báwo ló ṣe jìnnà sí ẹni tó ń béèrè? Ẹ̀kẹta, báwo ni àwọn èèyàn ṣe mọ ìsọ̀ náà tó? Ẹ wò ó dáadáa: ní ti jíjìnnà, ìsọ̀ kékeré tó wà nítòsí lè ta ilé ìtajà ńlá tó wà ní Ìkejà yọ. Àǹfààní wa nìyẹn, bá a bá ṣe àwọn méjì tó kù.

Èkíní yẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, torí ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n a kì í wo iṣẹ́ ká tó sọ ìsọ̀ lórúkọ. Ẹ wo àwọn pátákó láti Ṣábó dé Ìjẹ̀dẹ́. Ìdajì wọn kún fún "Global Ventures", "Blessed Hands" àti "To God Be the Glory Enterprises". Àdúrà ni, ó dáa, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń tà? Ẹni tó ń wá fọkanáísà kò ní béèrè "Blessed Hands". Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi orúkọ tuntun sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, ẹ fi iṣẹ́ náà sínú orúkọ. Tó bá jẹ́ pé orúkọ ti wà nílẹ̀, ẹ má lọ kó ọ̀rọ̀ jọ sí i lórí Google, torí òfin wọn ni pé orúkọ tó wà lára pátákó gan-an ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ̀ka iṣẹ́ àti àlàyé ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ kọ àlàyé náà bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀: "A ń ta ẹja gbígbẹ àti ẹja tútù, a sì ń gbé e délé." Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi wákàtí tẹ́ ẹ ń ṣí, nọ́ńbà tó ń wọlé, àti fọ́tò gidi sí i. Ọ̀fẹ́ ni Google Business Profile, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ fún ìyá yín pé Google ló ní kó sanwó.

Níbi ọ̀fẹ́ yẹn ni mo ti fẹ́ ṣe lọ́yà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá èèyàn gbé ìsọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ń lo íméèlì tiwọn. Lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, ọwọ́ wọn ni orúkọ, nọ́ńbà àti gbogbo ohun rere tí oníbàárà ti kọ sílẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí íméèlì ẹni tó ni ìsọ̀ ni wọ́n fi ṣí i; ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ lè jẹ́ alábòójútó lásán. Ẹ má sì ra ìyìn èké. Google ń yọ ọ́ kúrò, òfin FCCPA ti ọdún 2018 náà sì lòdì sí fífi irọ́ tan oníbàárà jẹ.

Àwọn kan á ní àwọn kò fẹ́ kí agbowó-orí àti gbájúẹ̀ rí nọ́ńbà àwọn. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ tó kọjú sí títì, agbowó-orí ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ní ti gbájúẹ̀, ẹ ya nọ́ńbà òwò sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí báńkì mọ̀. Mo sì gbà pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò rẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹja lápapọ̀ ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ ìdúró rẹ̀, lè máa bá tirẹ̀ lọ. Télọ̀, rẹwáyà, alásè àti ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe ni kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ohun tí apá wa kò ká. Ẹni tó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n báwo ni ẹ̀rọ ṣe fẹ́ júwe òpópónà tí kò lórúkọ, ilé tí kò ní nọ́ńbà? "Tẹ́ ẹ bá dé ibi igi máńgòrò, ẹ ya sọ́wọ́ òsì" kò yé máàpù. Àfikún kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kọ ọ́ ní kedere pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láti sọ òpópónà lórúkọ, kí wọ́n sì fún ilé ní nọ́ńbà. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà lára ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí ìwé òfin náà kà fún Èkó. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn. Òfin ti wà, ìdájọ́ ti wà. Títí tí pátákó òpópónà yóò fi dé, Google ní Plus Code, lẹ́tà àti nọ́ńbà díẹ̀ tó ń tọ́ka sí ibi tí ìsọ̀ wà gan-an, ọ̀fẹ́ ni òun náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ mọ gbogbo kọ́nà TikTok, ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ jókòó ti ìyá yín, ẹ̀gbọ́n yín tàbí ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́, kẹ́ ẹ jọ gbé ìsọ̀ náà síta. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ máìkì, kẹ́ ẹ fi Yorùbá béèrè rẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó jáde. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ lọ bi káńsẹ́lọ̀ yín pé mélòó nínú àwọn òpópónà wọ́ọ̀dù yín ló ní pátákó orúkọ.