Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ la fẹ́ gbìn, a ò fẹ́ ta tẹ́tẹ́

Ọ̀rọ̀ òjò àkọ́rọ̀ la gbé wá lónìí, a ò sì ní fi bọpo bọyọ̀.

Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kẹta, ariwo kan náà la máa ń gbọ́: "Ẹni tó bá tètè gbìn ló ń tètè tà!" Irọ́ kọ́ o. Ilá àti ewédú tó bá kọ́kọ́ dọ́jà máa ń wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó jèrè nìkan là ń rí lọ́jà. Ẹni tí tiẹ̀ kú sílẹ̀, ṣé ó máa ń wá sọ ni?

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Òjò rọ̀, ilẹ̀ tutù lókè. Irúgbìn ilá mu omi, ó wú, láàárín nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún ó ti ń yọ. Òjò wá lè dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí oòrùn máa jó ilẹ̀. Irúgbìn tó ṣì wà nínú ike lè dúró dè yín. Èyí tó ti yọ ò lè padà sínú èèpo mọ́.

Ta ló wá pàdánù? Ẹni tó ta irúgbìn ti gbowó ẹ̀. Tí tàkọ́kọ́ bá kú, á tún ta òmíràn. Ẹni tó yá àgbẹ̀ lówó nítorí ìkórè, á ṣì bèèrè owó ẹ̀. Àgbẹ̀ nìkan ló máa san owó irúgbìn lẹ́ẹ̀mejì, owó lébìrà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí kò ní pàdánù kọ́bọ̀, kí ló dé tó ń kán yín lójú?

A ò ní kẹ́ ẹ jókòó sílé o. Ohun tí à ń sọ rèé:

1. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ bu erùpẹ̀ ibẹ̀, kẹ́ ẹ fún un mọ́wọ́. Tó bá tú bí eérú, ẹ dúró.

2. Ẹ pín irúgbìn ilá yín sí mẹ́ta. Ẹ gbin ìdá kan, kẹ́ ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì méjì sáàárín àwọn yòókù.

3. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú àkọ́kọ́, ẹ̀bá odò tàbí kànga ni kẹ́ ẹ gbìn ín sí, níbi tẹ́ ẹ ti lè bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

4. Ata ni kẹ́ ẹ tètè gbìn, àmọ́ nínú nọ́sìrì, lábẹ́ ìbòòji. Kó tó tó í lọ́ lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òjò á ti fìdí múlẹ̀.

5. Àjọ NiMet máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde lọ́dọọdún. Ẹ béèrè ti agbègbè yín lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ má bínú sí wa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ilá kí ọjà tó kún, ẹ bá àgbẹ̀ dá owó pọ́ńpù omi, tàbí kẹ́ ẹ jọ pín àdánù. Kẹ́ ẹ kàn gbé owó irúgbìn sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa pè é lórí fóònù lójoojúmọ́, ìyẹn kì í ṣe àjọṣe.

Ẹni tó lómi ló ni ọjà àkọ́kọ́, kì í ṣe ẹni tó láyà.

Ọjọ́ wo lòjò rọ̀ lọ́dọ̀ yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìlú yín. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ míì o.