Ríìmù ńlá àti sípésà ní Sángò Ọ̀tà: ta ló wọn ọkọ̀ náà kó tó wọ títì?

Ẹni tó bá dúró sábẹ́ afárá Sángò Ọ̀tà nírọ̀lẹ́, nígbà tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá ti mú, kò ní pẹ́ tó fi máa gbọ́ ọ. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan á yọ láti ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ríìmù rẹ̀ á máa dán, táyà á yọ síta bí ẹni ya ẹsẹ̀ rìn. Bó bá ti kó sínú kòtò báyìí, ẹ ó gbọ́ "gììrì" lábẹ́ fẹ́ńdà. Táyà ló ń ha ara ọkọ̀ yẹn. Awakọ̀ á gbé ohùn rédíò sókè, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Sípésà ló sábà máa ń wà nídìí ariwo yìí. Irin rìbìtì pẹlẹbẹ ni, àárín họ́ọ̀bù àti ríìmù ni wọ́n máa ń kì í sí kí ríìmù lè kúrò nínú, kó bọ́ síta díẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé fáàrí àwọn ọ̀dọ́ lásán ni. Fáàrí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ta ló fẹ́ kí Camry tí wọ́n ń pè ní "Muscle" máa rìn lórí ẹsẹ̀ tó tín-ín-rín? Àmọ́ owó náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ọdún 2008 fi máa parí, Michelin ti ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt pa, Dunlop náà ò sì ṣe táyà mọ́ n'Íkẹjà. Òkè òkun la wá gbójú lé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tún ní kí ọjà máa sọ iye tí náírà jẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, owó táyà tuntun gbéra sọ.

Ibi tí ríìmù tòkunbọ̀ ti wọlé nìyẹn. Èèyàn á dé ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, á ra ríìmù mẹ́rin tí táyà ti wà lára wọn, á rò ó pé òun ti fi òkò kan pa ẹyẹ méjì. Táyà tòkunbọ̀ ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yìí kan náà sì rèé, ó wà lára ọjà tí àwọn aṣọ́bodè fòfin dè. Ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Wàhálà tó ṣe kókó ni pé Benz tàbí BMW ló ti ń lo ríìmù yẹn nílùú òyìnbó. Ríìmù ò mọ Toyota rí. Bí wọ́n bá gbé e wọ̀ ọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á lọ kan ṣọ́ọ̀kì tàbí kálípà bíréèkì. Fọ́kánáísà á wá ní, "Bọ̀ọ̀dá, sípésà ló máa gbà á." Òótọ́ ló sọ. Ohun tí kò sọ ni pé bí sípésà ṣe ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀kì nínú, bẹ́ẹ̀ ló ń tì wọ́n lọ bá fẹ́ńdà níta.

A lè fi nọ́ńbà rí i. Bí ẹ bá wo ẹ̀yìn ríìmù álọ́ì, ẹ ó rí ohun tó jọ 8J x 18 ET35. Mẹ́jọ yẹn ni fífẹ̀ rẹ̀ ní ìǹsì, 18 ni gíga rẹ̀. ET ló ń sọ iye mílímítà tó wà láàárín ibi tí ríìmù ti fara kan họ́ọ̀bù àti àárín gbùngbùn ríìmù fúnra rẹ̀. Bí nọ́ńbà ET bá ṣe ń kéré sí i ni ríìmù ń yọ síta sí i. Ká sọ pé 6.5J ET45 ló bá ọkọ̀ wá, ẹni tó ni ín wá ra 8J ET35. Láìtíì fi sípésà kankan sí i, etí ríìmù ti fi nǹkan bíi 29 mílímítà sún mọ́ fẹ́ńdà níta, ó sì ti fi 9 sún mọ́ ṣọ́ọ̀kì nínú. Torí 9 ti inú yìí ni wọ́n ṣe ń ki sípésà 20 bọ̀ ọ́. Báyìí, inú ti gbòòrò, àmọ́ ti ìta ti di 49. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìǹsì méjì gbáko. Sípésà tó nípọn níwọ̀n mílímítà mẹ́wàá péré ì bá ti tó láti dá àyè inú padà.

Táyà fúnra rẹ̀ tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Táyà 205/55R16 ga tó 632 mílímítà láti ìsàlẹ̀ dókè. Bí ẹ bá gbé 225/40R18 síbẹ̀, 637 ni, kò sí ìjà. Bó bá jẹ́ 225/45R18 ni ẹni tó ń tà á rí, ó ti di 660, ìyẹn ni pé orí táyà ti fi mílímítà 14 sún mọ́ fẹ́ńdà lókè. Márùn-ún tó wà láàárín 40 àti 45 yẹn ló ń bà á jẹ́, ọ̀pọ̀ kì í sì í wò ó. Ìwọ̀n 18 ni wọ́n máa ń béèrè.

Ibi tó wá burú jù ni ihò nọ́ọ̀tì. Camry ní ihò márùn-ún tó wà lórí òbírí 114.3 mílímítà, Benz ní márùn-ún lórí 112. Lójú, wọn ò yàtọ̀. Mílímítà kan àti díẹ̀ ni ihò kọ̀ọ̀kan fi yẹ̀, nọ́ọ̀tì á sì wọlé bí wọ́n bá fagbára tì í. Àmọ́ kò jókòó. Sítọ́ọ̀dù ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ihò àárín ríìmù Benz jẹ́ 66.6, orí họ́ọ̀bù Camry jẹ́ 60.1, afẹ́fẹ́ ló wà láàárín méjèèjì. Corolla 2003 sí 2008 tiẹ̀ tún yàtọ̀ pátápátá, 5x100 ni tirẹ̀, 54.1 sì ni họ́ọ̀bù rẹ̀. Bí sítíárìn bá wá ń gbọ̀n lórí 80, wọ́n á ní kí wọ́n lọ ṣe "báláǹsì". Báláǹsì ò lè tún ohun tí kò jókòó sáàárín ṣe. Rọ́ńgì tó máa dí àlàfo yẹn ló nílò, tàbí sípésà tí wọ́n gé mọ́ họ́ọ̀bù ọkọ̀ náà gan-an. Bí ihò bá sì yàtọ̀, ojúlówó sípésà oníbóòtù tó ní ihò oríṣi méjì ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n dá ríìmù padà fún ẹni tó tà á.

Níbo ni wọ́n wá ti ń dán an wò? Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò sí ẹnì kankan nínú ọkọ̀. Ó yí sítíárìn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, kò ha, ó parí. Ọkọ̀ yẹn kan náà ló máa gbé èèyàn mẹ́ta sẹ́yìn lọ́la, tí búùtù á kún fún ẹrù ọjà, tó máa wá gba Ìyànà Ìyẹsí tàbí ọ̀nà Agbára, níbi táwọn tírélà ilé iṣẹ́ ti tẹ títì wọ inú ilẹ̀. Lásìkò òjò, omi bo kòtò mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ á rì lójijì. Ibẹ̀ ni táyà àti fẹ́ńdà ti ń pàdé, etí fẹ́ńdà ń gé ẹ̀gbẹ́ táyà bí ọ̀bẹ ṣe ń gé iṣu. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́, kó kó èèyàn sẹ́yìn ọkọ̀ títí á fi kún, kó kun ẹ́fun sí etí fẹ́ńdà nínú, kó rọra gba orí búm̀pù bíi mélòó kan, kó tún yí sítíárìn dópin lápá méjèèjì. Ibi tí ẹ́fun bá ti ṣí, táyà ti débẹ̀.

Nígbà tó bá wá ha, ọ̀dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì bítà ni wọ́n ń lọ. Ọ̀gá ò wo táyà, ó mú òòlù. Títẹ etí fẹ́ńdà wọlé kì í ṣe ohun búburú tó bá jẹ́ pé wọ́n rọra fi iná yọ́ ọ̀dà, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ rírọ́ tẹ̀ ẹ́. Òòlù á fọ́ ọ̀dà, òjò kan péré ni ìpẹtà ń retí. Àwọn míì tún ń gé ike dúdú tó wà lábẹ́ fẹ́ńdà dànù, bẹ́ẹ̀ ike yẹn ló ń dí omi àti ẹrọ̀fọ̀ lọ́wọ́ kó má bàa dé ara wáyà iná. Bí wọ́n bá gé ọkọ̀ tán, wọn ò lè dá a padà, bẹ́ẹ̀ táyà kékeré tàbí sípésà tó fẹ́lẹ́ ì bá ti yanjú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì ló lè pa èèyàn. Toyota ní kí wọ́n dí nọ́ọ̀tì Camry àti Corolla dé 103 Nm. Ẹni tó wọ̀n tó kìlógíráàmù 70, tó gun orí sípánà tó gùn ní ìdajì mítà, ń fi agbára tó lé ní 340 dí i. Ìyẹn lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Gígun orí sípánà yìí làwọn oníbàárà ń wò tí wọ́n fi ń sọ pé ọ̀gá yìí mọ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ó lè ti fa sítọ́ọ̀dù yẹn gùn. Sípésà tí kò ní sítọ́ọ̀dù tirẹ̀ tún ń jẹ lára gígùn èyí tó wà nílẹ̀. Kí wọ́n kà á: fún sítọ́ọ̀dù mílímítà 12 ti Toyota, nọ́ọ̀tì yẹ kó yí nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ kó tó dí. Bó bá yí mẹ́rin tó dúró, kí wọ́n yọ sípésà yẹn dànù. Bó bá sì ti lọ sí Abẹ́òkúta tó bọ̀, kí wọ́n tún nọ́ọ̀tì yẹn wò, nítorí álọ́ì tuntun máa ń jókòó sí i.

Ìlú bíi Ọ̀tà kò ṣàìní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin, ìdí nìyẹn tí sípésà àtọwọ́dá kì í fi í wọ́n. Ọwọ́ àwọn ọ̀gá kan mọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ojúlówó sípésà, álúmínọ́ọ̀mù tí wọ́n lù kó le, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 6061-T6, ni wọ́n fi ń ṣe é. Èyí tí wọ́n bá yọ́ láti ara àjákù ìkòkò lè jọ ọ́ lójú, àmọ́ ó ń fọ́ lójijì, kì í tẹ̀ kí ó tó kán. Kí ẹni tó ń rà á béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é, kó sì wò ó bóyá orúkọ ẹni tó ṣe é wà lára rẹ̀.

Ìjọba ńkọ́? Nígbà tí James Ocholi, mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kú nínú ìjàm̀bá lọ́nà Kàdúná sí Àbújá ní oṣù Kẹta ọdún 2016, àjọ FRSC sọ pé táyà tó bẹ́ wà lára ohun tó fà á. Látìgbà náà ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti mọ̀ pé nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ̀kọ́ yẹn ràn. Èyí tó wà lẹ́yìn ríìmù ni kò tíì sẹ́ni tó ń kọ́ni. Òṣìṣẹ́ FRSC tàbí TRACE tó dúró ní Tógéètì lè rí táyà tó ti jẹ tán láti ọ̀ọ́kán, kò lè rí sípésà láìjẹ́ pé ó bẹ̀rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ lójú títì kì í sì í bẹ̀rẹ̀.

Ní Jámánì, sípésà kì í wọ ọkọ̀ láìní ìwé àyẹ̀wò. Onímọ̀ TÜV tàbí ẹgbẹ́ wọn á wò ó lára ọkọ̀ gan-an, wọ́n á rí i dájú pé táyà ò yọ kọjá fẹ́ńdà, tí ò sì ha, kó tó di pé wọ́n kọ ọ́ wọ̀ ọ́. A ò ní dé ibẹ̀ lọ́la. Àmọ́ àwọn VIO lè fi sípésà, ihò nọ́ọ̀tì àti táyà tó yọ síta kún ohun tí wọ́n ń wò lára ọkọ̀ tó bá wá gba ìwé, iye owó tí ìyẹn máa ná wọn ò ju jáàkì kan àti tọ́ọ̀ṣì lọ. Kí ẹgbẹ́ àwọn fọ́kánáísà ní Sángò náà ra sípánà tó ń ka agbára, kí ṣọ́ọ̀bù mélòó kan dáwó jọ ra ọ̀kan. Títí dìgbà yẹn, ẹni tó jókòó sẹ́yìn táàsì, tó ń gbọ́ "gììrì" nínú gbogbo kòtò, lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí awakọ̀ já òun sílẹ̀ kí wọ́n tó dé orí títì tó dán.